Bẹ́ǹṣì Láti Ara Pákó Kan Ṣoṣo

Ẹni tí ó bá fẹ́ kan bẹ́ǹṣì fúnra rẹ̀ kò nílò ju pákó kan ṣoṣo tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 12, tí ó sì nípọn ní íǹṣì 1. Arère rọrùn láti fi ayùn rẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò máa ń tètè jẹ ẹ́. Afárá ni èmi yóò yàn.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí pákó náà gbẹ lábẹ́ ibòji, nítorí pé pákó tútù máa ń súnkì, ó sì máa ń lọ́ lẹ́yìn tí a bá ti kàn án tán.

Ẹ gé íǹṣì 48 fún ojú ìjókòó, íǹṣì 17 lọ́nà méjì fún ẹsẹ̀, àti íǹṣì 36 fún ìdábùú tí yóò so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì la ìdábùú yìí kí ó fẹ̀ ní íǹṣì 4. Ìlà ara igi gbọ́dọ̀ dúró lóòró nínú ẹsẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ tí ìlà rẹ̀ bá wà ní ìbú lè ṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí ó jókòó. Ẹ fi íǹṣì 5 sílẹ̀ láti etí ìjókòó sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ti ìdábùú mọ́ abẹ́ ìjókòó gan-an, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù sí gbogbo oríkèé kí ẹ tó kan ìṣó.