Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ọkọ̀ Tó Ń Bọ̀ Fẹ́ Kọlu Tiwa Lójú Òkun

Bí o bá rí ọkọ̀ kan lọ́ọ̀ọ́kán, má tíì sáré lọ síbi rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lọ́nà jíjìn. Mú kọ́ńpáàsì àfọwọ́mú, fi wo ọkọ̀ náà, kí o kọ nọ́ńbà tó fi hàn sílẹ̀. Ká ní àríwá lo dojú kọ, tí òun sì wà ní dígírì 060 lápá ọ̀tún rẹ. Má yí ìdarí, má sì yí eré rẹ padà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, tún un wò. Bó bá ti di 068, ẹ̀yìn rẹ ni yóò gbà kọjá. Bó bá di 052, iwájú rẹ ni. Àmọ́ bó bá ṣì wà ní 060, tó sì ń tóbi sí i, ẹ máa kọlu ara yín nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ńlá tó ti sún mọ́ ọ, má fọkàn balẹ̀ bí nọ́ńbà náà tiẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀.

Lóru, iná ni kí o wò. Pupa wà lápá òsì ọkọ̀, àwọ̀ ewé wà lápá ọ̀tún. Bí o bá rí méjèèjì pọ̀ níwájú rẹ gan-an, ìwọ ló dojú kọ: kí kálukú yà sọ́tùn-ún. Bó bá jẹ́ pupa rẹ̀ lo rí lápá ọ̀tún rẹ, ìwọ lo máa yà fún un.

Tètè yà, kí o sì yà gidi. Dígírì 5 kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ kejì. Yà tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní alẹ́ July 25, 1956, nítòsí Nantucket ní Amẹ́ríkà, rédà ti fi ọkọ̀ èrò Stockholm han ọkọ̀ èrò kejì, Andrea Doria, láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn tó ń darí Andrea Doria wo rédà, wọn ò ya ipò Stockholm sórí ìwé. Andrea Doria rọra ń yà sósì, Stockholm yà sọ́tùn-ún. Wọ́n kọlu ara wọn, ẹni tó kú sì lé ní 50.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni pa rédà o. Òfin òkun ti 1972 ní ká lo gbogbo ohun tó bá wà, ṣùgbọ́n ojú àti etí ló kọ́kọ́ dárúkọ. AIS, ẹ̀rọ tí ọkọ̀ fi ń kéde orúkọ àti ipò rẹ̀ fáwọn ọkọ̀ mìíràn, kò lè fi ọkọ̀ tí kò ní in hàn ọ́, ọkọ̀ onípákó àwọn apẹja kì í sì í sábà ní in.

Nínú kùrukùru, dín eré kù, fọn fèrè gígùn kan, ó pẹ́ tán ní ìṣẹ́jú 2-2, kí o sì dákẹ́ gbọ́ tẹlòmíì. Bí ohun tí ọkọ̀ kan tí o ń fojú rí ń ṣe kò bá yé ọ, fọn fèrè kúkúrú márùn-ún. Lẹ́yìn tí o bá ti yà, máa fi kọ́ńpáàsì wò ó títí yóò fi kọjá pátápátá.