Góòlù Ọrùn Yín àti Ẹnu Ọ̀nà Tó Ń Dún ní Pápákọ̀ Òfurufú

Iṣẹ́ góòlù àti fàdákà ni mò ń ṣe jẹun. Nínú àwọn tó máa ń mú yẹtí ẹyọ kan wá pé kí n bá àwọn rọ èkejì rẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò pọ̀ gan-an. Bí mo bá béèrè ibi tí èkejì lọ, ibi àyẹ̀wò ní pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Kì í ṣe pé ó já bọ́ lára wọn o. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n jù ú sínú ọpọ́n oníke ní ìhòòhò, ìlà gùn lẹ́yìn wọn, ara ń kán wọn, ni ohun tí kò tó èékánná bá wọ abẹ́ bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn oníbàárà mi pé ilé ni kí wọ́n ti pinnu ohun tí yóò wà lára àti ohun tí yóò wọ báàgì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń wá. Àwọn kan gbà pé nígbà tí mágnẹ́ẹ̀tì kò ti lè fa góòlù, góòlù kò lè mú ẹ̀rọ dún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fírémù tí a ń gba àárín rẹ̀ kọjá máa ń tú agbára mágnẹ́ẹ̀tì jáde léraléra, kíákíá. Ohunkóhun tí iná mànàmáná bá lè gbà kọjá, ìbáà ṣe wúrà, fàdákà, bàbà tàbí idẹ, agbára yẹn á mú kí iná díẹ̀ máa yí po nínú rẹ̀. Iná tó ń yí po náà á sì tú agbára tirẹ̀ jáde. Èyí ni ẹ̀rọ ń gbọ́ tó fi ń dún.

Bí a ṣe rọ nǹkan ṣe pàtàkì níbí, kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀ nìkan. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí mo jó ẹnu rẹ̀ pọ̀ jẹ́ òbírí kan ṣoṣo, iná á ríbi yí po nínú rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Bí mo bá fi góòlù kan náà rọ ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ olójú púpọ̀, ojú kọ̀ọ̀kan kàn fara kan èkejì lásán ni, iná kò ní ríbi yí dáadáa. Nítorí náà ẹ̀gbà ńlá kan lè dún níbi tí ṣéènì tó wúwo tó o ti kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Òrùka ìgbéyàwó, yẹtí kékeré àti ṣéènì tín-ínrín sábà máa ń kọjá lára. Àwọn tó máa ń fa wàhálà ni ẹ̀gbà ńláńlá, ẹ̀gbà ọrùn tó kún àyà, aago onírin tó nípọn, àti ìdè bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n wọn kì í yí gbogbo ẹ̀rọ sí ojú kan náà: ohun tó kọjá ní pápákọ̀ kan lè dún ní òmíràn. Wọ́n tilẹ̀ máa ń ṣètò àwọn kan kó máa yan èèyàn láìsí irin kankan lára rẹ̀. Bó bá kàn yín, ẹ má ṣe bínú sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ kejì ni èyí tí ẹ ó dúró sínú rẹ̀, tí ẹ ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Irin nìkan kọ́ ni ìyẹn ń wá. Ìgbì tó ń gba inú aṣọ kọjá, tó sì ń ta padà lára, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì, ẹ̀gbà onígi, tísù inú àpò, gbogbo rẹ̀ ló lè fi àmì sí. Nítorí náà, ẹni tó ní “tèmi kì í ṣe irin” kò tíì bọ́.

Bí òrùka bá há mọ́ ìka, ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́. Ẹ má fà á tipátipá lórí ìlà. Ìka á wú, yóò sì tún há sí i. Bó bá pọn dandan kó kúrò, ilé ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ ki orí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́ òrùka lọ sí apá àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wé ìyókù mọ́ ìka láti ẹ̀gbẹ́ òrùka títí tó fi kọjá oríkèé, kí wíwé náà fún, kó sì sún mọ́ra. Ẹ wá di orí òwú tó wà ní abẹ́ mú, kí ẹ máa tú u díẹ̀díẹ̀ síhà orí ìka. Bí ẹ ṣe ń tú u ni òrùka á máa gun òwú náà jáde. Ọṣẹ díẹ̀ á ràn yín lọ́wọ́. Bí ìka bá ti ń dúdú tàbí tó ń kú tipiri, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tọ dókítà lọ.

Àpò kékeré oní-síìpù kan ni kí gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ wọ̀, kí àpò náà sì wọ inú báàgì ọwọ́ kí ẹ tó dórí ìlà. Ẹ ki ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú sitírọ́ọ̀ kọjá, kí ẹ sì kọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, kò ní lọ́ pọ̀ mọ́. Ẹ ki yẹtí méjèèjì bọ ihò bọ́tìnì ńlá kan, ẹ dè é lẹ́yìn. Wọn ò ní ya ara wọn. Ẹ má kó gbogbo irin jọ sójú kan. Lójú X-ray, irin sábà máa ń hàn ní àwọ̀ búlúù, èyí tó bá nípọn jù á dúdú, òṣìṣẹ́ kò sì ní rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á tú báàgì yín nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kì í ba góòlù tàbí fàdákà jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohun iyebíye sínú àpótí tí ẹ ń fi sílẹ̀ fún ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé àwọn kò ní dáhùn fún góòlù tó bá sọnù níbẹ̀. Lábẹ́ àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 pàápàá, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lórí ìrìn-àjò òfurufú láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, owó ẹrù tó sọnù kò lè ju 1,519 SDR lọ fún èrò kan láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, àfi bí èrò náà bá ti kéde iye ẹrù rẹ̀ nígbà tó ń fi í sílẹ̀, tó sì san owó tí wọ́n bá bù lé e. SDR ni òṣùwọ̀n owó àjọ IMF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó lágbàáyé.

Ohun ọ̀ṣọ́ tó jọ ohun ìjà, irú bí ìdè bẹ́líìtì tó fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú tàbí òrùka onírin tó so ìka mẹ́rin pọ̀, ẹ fi sílé. Wọ́n á gbà á.

Bí ẹ̀rọ bá dún, ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ má pẹ̀yìn dà. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọwọ́ yẹ ara yín wò, ẹ lè béèrè fún òṣìṣẹ́ tó jẹ́ obìnrin bíi tiyín tàbí ọkùnrin bíi tiyín, ẹ sì lè ní kó jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó ní irin ní ìdodo tàbí níbòmíràn lábẹ́ aṣọ, kó sọ ọ́ kó tó wọlé. Bí ihò náà kò bá tíì jinná, kó má yọ ọ́, ó lè dí. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì jù: kó sọ fún wọn, kó má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀pá tí wọ́n ń fọwọ́ mú wá irin lára èèyàn dúró pẹ́ lórí àyà rẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ òun wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé báàgì kúrò lẹ́nu bẹ́líìtì, ẹ wá àga jókòó, kí ẹ tó wọ nǹkan yín padà. Bí ẹ bá ti kọ́ ṣéènì tán, ẹ fà á wò díẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ìkọ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ sì fi rìsíìtì àti fọ́tò ohun tó bá wọ́n sórí fóònù, torí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè béèrè nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ bóyá òkè òkun lẹ ti rà á.