Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó àti dátà yín nídìí clip art

Ẹ má ra àkójọ clip art, ìyẹn àwòrán tí wọ́n ti yà sílẹ̀ kí ẹ kàn mú un lò, tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyí, àwọn yòókù kàn máa tẹ̀lé e ni. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, báńà àti sítíkà ni mò ń ṣe jẹun, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tó ń kó owó lé ohun tí kò yẹ kó ná kọ́bọ̀ lé lórí. Ó ń bí mi nínú, ó sì ń ṣe mí láàánú. Mi ò ní ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán sínú Word tàbí CorelDRAW. Ẹ ti mọ ìyẹn.

1. Ríra ohun tí wọ́n ti fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹnì kan á gbé e sórí status pé òun ní àwòrán ẹgbẹẹgbẹ̀rún, gbogbo ohun tí dísáínà nílò, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ẹ sanwó, ó fi líǹkì Google Drive ránṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìnáwó ti bẹ̀rẹ̀, torí dátà tí ẹ máa fi gba fáìlì ńlá bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lè ju owó tí ẹ san fún un lọ. Bí iná bá lọ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín, ẹ lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti ṣí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ wò fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ládùúgbò wa. Ohun kan náà ni mo máa ń bá níbẹ̀. Òdòdó róòsì kan ṣoṣo tí wọ́n kùn ní àwọ̀ oríṣiríṣi kí iye rẹ̀ lè pọ̀. JPG kéékèèké tí kò ṣeé tẹ̀ sórí ìwé. Fáìlì tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ni orúkọ rẹ̀, tí ẹ ò lè wá nǹkan kan rí láàárín wọn àfi kí ẹ máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ín ṣì gba àárín rẹ̀ kọjá. Èyí tó dára nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń dá a mọ̀ pé Openclipart, ìkànnì àwòrán ọ̀fẹ́, ni wọ́n ti kó o.

Ọdún 2004 ni Openclipart bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbé àwòrán síbẹ̀ ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè yí i padà, ẹ lè tà á, ẹ ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. CC0 ni wọ́n ń pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wá kó o sínú fódà tó ń tà á fún yín, omi òjò ló ń tà fún ẹni tí òjò ń rọ̀ sí àgbàlá rẹ̀.

Àwọn tí kì í ṣe ọ̀fẹ́ tún burú ju ìyẹn lọ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo àwòrán títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó yà á. Ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ lórí àwòrán kò lè ta ẹ̀tọ́ kankan fún yín. Lọ́jọ́ tí olóhun bá yọjú, ẹ ò ní ohun tí ẹ máa fi hàn án ju ẹ̀rí pé ẹ fowó ránṣẹ́ sí àjèjì kan lọ.

Fáírọ́ọ̀sì ńkọ́? Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ nítòsí wa gba àkójọ tirẹ̀ nínú fláàṣì. Nínú rẹ̀, wọ́n fi ohun tí wọ́n pè ní "activator" CorelDRAW, èyí tí wọ́n ní á jẹ́ kó lo CorelDRAW láì sanwó, ṣe ẹ̀bùn fún un, fáìlì tó parí sí .exe. Ó tẹ̀ ẹ́. Ní alẹ́ tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n tẹ ìwé ètò ìsìnkú màmá oníbàárà kan, ó sáré wọlé tọ̀ mí wá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Gbogbo fáìlì mi ti di shortcut." Oníbàárà ń pè é lórí fóònù, kò lè gbé e. A dúpẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì yẹn kàn fi fáìlì pamọ́ ni, kò pa wọ́n rẹ́. Àṣẹ attrib, èyí tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, la fi tú wọn síta, lẹ́yìn náà la wá fi ẹ̀rọ apafáírọ́ọ̀sì fọ kọ̀ǹpútà náà. Kì í ṣe gbogbo fáírọ́ọ̀sì ló ń ṣàánú bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń ti fáìlì yín pa, wọ́n á ní kí ẹ wá sanwó.

Ká tiẹ̀ wá ní àkójọ náà mọ́, kó jẹ́ tòótọ́, kó jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Síbẹ̀, iṣẹ́ kì í wá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Oníbàárà kan ló ń wá, àwòrán kan ló sì fẹ́: ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà, ìkòkò amọ̀, ọmọ tó ń kàwé. Ẹ wá èyí tí ẹ nílò lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ fi orúkọ gidi pè é, kí orúkọ náà sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ibi tó ti wá, àti àṣẹ tó wà lórí rẹ̀: owo-adura-openclipart-cc0.svg. Láàárín ọdún kan, fódà tí ẹ fọwọ́ ara yín kó jọ á wúlò ju gbogbo ohun tí wọ́n ń tà kiri lọ, ẹ ó sì lè dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ibo lẹ ti rí i.

2. Gbígba àwòrán kékeré inú Google

Èyí tí ẹ ń rí lójú ewé àbájáde Google kì í ṣe àwòrán náà gan-an. Ẹ̀dà kékeré tí Google fi ń ṣàfihàn ni. Tẹ́lẹ̀, bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń gbé yín lọ tààrà sórí àwòrán gidi, ṣùgbọ́n Google yọ ọ́ kúrò ní oṣù kejì ọdún 2018. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń kánjú ti ń gba ẹ̀dà kékeré sílẹ̀, tí wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, tí wọ́n sì ń bá àwọn atẹ̀wé jà pé wọ́n ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ tẹ àwòrán náà, ẹ wọ ìkànnì tó wà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Fún ìwé tí èèyàn máa mú lọ́wọ́ kà, pixel 300, ìyẹn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ni a ń fẹ́ nínú íǹṣì kan. Àwòrán tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pixel 600 máa fẹ̀ tó íǹṣì méjì péré lórí ìwé. Tí ẹ bá fẹ́ kó gba gbogbo ojú ìwé A4, ó gbọ́dọ̀ tó 2480 níbùú, kó tó 3508 lóròó. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún màúsì tẹ fáìlì náà, ẹ lọ sí Properties, ẹ wo Details, nọ́ńbà méjèèjì wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn ò fi ń wò ó kí wọ́n tó san owó títẹ̀.

Báńà yàtọ̀ díẹ̀, torí òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó. Pixel 100 nínú íǹṣì kan lè tó o. Síbẹ̀, báńà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, á ṣì fẹ́ pixel 12,000 níbùú. Clip art JPG tó tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi ara yín ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní SVG. Kì í ṣe pixel ni wọ́n fi kó o jọ. Ìlà àti ìṣirò ni, kọ̀ǹpútà sì ń tún un yà ní ìwọ̀n yòówù tí ẹ bá fà á dé. SVG kan náà tó wà lórí káàdì lè wà lára ògiri ilé, etí rẹ̀ ò ní ya. CorelDRAW ń ṣí i, Inkscape tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ń ṣí i, àwọn Word tuntun náà ń gbà á.

Tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ sọ fún un kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Tó bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

3. PNG tó ń purọ́

Ẹ ń wá PNG, irú fáìlì àwòrán tó lè wà láìní ẹ̀yìn, ẹ rí i pẹ̀lú onígun mẹ́rin kéékèèké funfun àti eérú lẹ́yìn rẹ̀, inú yín dùn. Ẹ gbé e sórí káàdì, àwọn onígun mẹ́rin náà bá a lọ síbẹ̀. Wọ́n yà wọ́n mọ́ ọn ni. Tí àwọn onígun náà bá ti hàn lójú ewé àbájáde Google kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ rárá, irọ́ ni. Èyí tó jẹ́ òótọ́ sábà máa ń hàn pẹ̀lú ẹ̀yìn funfun níbẹ̀, ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni àwọn onígun náà máa yọ.

4. Yíyí .webp, irú fáìlì àwòrán tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ń lò, sí .jpg nípa títún orúkọ fáìlì kọ. Orúkọ nìkan lẹ yí padà, fáìlì náà ò yí. Ẹ ṣí i nínú Paint, ẹ wá tọ́jú rẹ̀ bíi PNG.

Ẹ má fa àwòrán ní ẹ̀gbẹ́. Igun ni kí ẹ ti fà á, kí orí ìyàwó má baà fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ.

Ẹ má tẹ bọ́tìnnì Download tó tóbi jù, tó ní àwọ̀ ewé tó ń dán yanranyanran. Ìpolówó ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ gbé màúsì lé e láì tẹ̀ ẹ́, ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tó máa hàn nísàlẹ̀. Fáìlì tó bá parí sí .exe, .msi tàbí .apk kì í ṣe àwòrán, ẹ pa á rẹ́.

Àwọn kan ṣì ń wá bọ́tìnnì Clip Art nínú Word, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà àwọn ò pé. Microsoft ti pa àkójọ clip art tirẹ̀ tì láti oṣù kejìlá ọdún 2014. Online Pictures ló rọ́pò rẹ̀, Bing, ẹ̀rọ ìwákiri Microsoft, ló sì ń lọ wá àwòrán fún yín. Ohun tí Bing bá mú wá, ẹ wo ìkànnì tó ti wá kí ẹ tó lò ó fún iṣẹ́ olówó. Microsoft kọ́ ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ "free" náà gba àkíyèsí. Tí wọ́n bá kọ "personal use" sí i, ẹ lè fi ṣe káàdì ọjọ́ ìbí ọmọ yín, ẹ ò lè fi ṣe káàdì tà. Ìkànnì Freepik ń béèrè pé kí ẹni tó gba àwòrán lọ́fẹ̀ẹ́ dárúkọ ẹni tó ni ín. Ìkànnì Pixabay gbà kí ẹ lo àwòrán rẹ̀ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹ gbé àwòrán náà bó ṣe wà sórí sítíkà kí ẹ sì máa tà á.

Ẹ má sì fi clip art ṣe báàjì ilé ìwé. Alákòóso ilé ìwé kan gbé iṣẹ́ wá fún mi, ó fẹ́ kí n tẹ báàjì tí ẹlòmíràn ti yà fún un: ìwé tó ṣí sílẹ̀, iná ògùṣọ̀ lórí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, torí ilé ìwé mìíràn ní òpópónà kan náà ní irú rẹ̀ lára aṣọ àwọn ọmọ wọn. Ó ti san owó dísáínì tó pọ̀ fún ohun tí ẹni náà gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá náà dákẹ́, ó ń wo báàjì náà. Kò sí bó ṣe lè dá ilé ìwé kejì lẹ́kun, ẹ̀tọ́ wọn lórí àwòrán ọ̀fẹ́ dọ́gba. Dísáínà tó bá gba owó lógò, kó jókòó ya lógò.

Èyí tó tún ń dùn mí jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àkójọ ni ti ìlù. Ẹ wá "African drum", ẹ rí djembe, ẹ gbé e sórí ìwé ètò ìwúyè. Ìlù àwọn Mandé ti Mali àti Guinea ni djembe, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lù ú. Dùndún ní awọ lójú méjèèjì, àárín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọṣán yí i ká, kọ́ńgọ́ tó tẹ̀ ni wọ́n fi ń lù ú, ìyálù sì ní ṣaworo. Àwọn Àyàn máa wà níbi ìwúyè yẹn, wọ́n máa mú ìwé náà lọ́wọ́. Ọba máa wò ó. Ẹ tẹ "talking drum" dípò "African drum", ẹ tẹ "gele", "agbada", "aso oke" láìsí àmì ohùn, torí àlàyé tí ẹni tó gbé àwòrán náà sílẹ̀ kọ sí i ni ìkànnì ń wá.

Tí ẹ ò bá rí i, ẹ yà á fúnra yín. Ẹ tọrọ dùndún lọ́wọ́ onílù, ẹ gbé e sórí aṣọ funfun níta nígbà tí oòrùn ò mú, ẹ fi fóònù yà á. Ẹ gbé fọ́tò náà wọ Inkscape, ẹ lo Trace Bitmap, tàbí PowerTRACE tó bá jẹ́ CorelDRAW lẹ ń lò, kó sọ fọ́tò náà di ìlà. Ẹ dín iye àwọ̀ rẹ̀ kù sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ pa àwọn àbàwọ́n kéékèèké rẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi SVG. Tiyín nìyẹn, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sórí báńà, ẹ sì lè tà á.