Bí A Ṣe Ń Ṣàṣàrò Lórí Ìjẹ́mímọ́ Ọlọ́run Láàárín Iṣẹ́ Òòjọ́

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló máa ń kọ ọ́ lórin lọ́jọ́ Ìsinmi pé mímọ́ ni Olúwa, àmọ́ tó bá di ọjọ́ Ajé, wọn kì í mọ ohun tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe mọ́. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ara wọn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àṣàrò: ẹ̀ṣẹ̀ àná, ẹ̀jẹ́ tí wọn ò san, ìwà tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ọkàn ti rẹ̀wẹ̀sì. Ọlọ́run ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiyín ń bọ̀ wá kàn.

Ẹ mú ibì kan ṣoṣo nínú Bíbélì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí kò ṣe é rí, Aísáyà 6:1-8 ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Sáàmù 99 (ó pe Ọlọ́run ní mímọ́ ní ẹsẹ 3, 5 àti 9), Ẹ́kísódù 15:11, 1 Sámúẹ́lì 2:2 àti Aísáyà 40:12-26 dára gan-an. Ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀ ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ ka orí mẹ́rin lójúmọ́ kò ṣẹ̀, àmọ́ ìwé ló ń kà, kò tíì ṣàṣàrò.

Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ má sáré. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ kàn gbọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ṣọ́ ohun tí àwọn tó wà níwájú Ọlọ́run ń ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ dúró níbi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti mú yín lọ́kàn, kódà bí ẹ ò tíì parí rẹ̀.

Ẹ wo àwọn séráfù, ìyẹn àwọn ẹ̀dá ọ̀run tó wà níbi ìtẹ́ Ọlọ́run, nínú Aísáyà 6, ẹsẹ kejì. Ìyẹ́ mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní: wọ́n fi méjì bojú, wọ́n fi méjì bo ẹsẹ̀, méjì tó kù ni wọ́n fi ń fò. Kò síbi tí a ti kà á níbẹ̀ pé wọ́n ṣẹ̀, síbẹ̀ wọ́n bojú. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ pẹ́ sí nìyí. Tó bá jẹ́ pé àìlẹ́ṣẹ̀ nìkan ni ìjẹ́mímọ́ Ọlọ́run, kí ló dé tí ẹni tí kò ṣẹ̀ fi ń bojú? Ipò tí Ọlọ́run wà, kò sí ẹ̀dá tó bá a pín in, bó ti wù kí ẹ̀dá náà mọ́ tó.

Ẹ̀yìn èyí ni Aísáyà tó sọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ní ẹsẹ karùn-ún, kò sì sọ ọ́ lóréfèé: ètè rẹ̀ ló dárúkọ. Ètè yẹn gan-an ni séráfù fi ẹ̀yinná láti orí pẹpẹ kàn ní ẹsẹ keje. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń jẹ́wọ́, ẹ dárúkọ ohun tẹ́ ẹ ṣe. “Olúwa, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí” kì í dun ẹnikẹ́ni láti sọ. “Olúwa, mo purọ́ fún ọ̀gá mi lánàá nípa àsìkò tí mo dé ibi iṣẹ́” ló ń kan ojú egbò. Ẹ má sì jókòó sí ẹsẹ karùn-ún o. Àwọn kan á máa ké “ègbé ni fún mi” ní gbogbo àárọ̀, wọn ò ní dé ibi ìdáríjì ẹsẹ keje, áńbọ̀sìbọ́sí iṣẹ́ tí a fẹ́ rán wọn ní ẹsẹ kẹjọ.

Ẹ ní ìwé kékeré kan, kí ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé. Ní apá òsì, ẹ kọ ohun tí ẹsẹ náà sọ pé Ọlọ́run jẹ́ tàbí tó ṣe. Ní apá ọ̀tún, ẹ dáhùn ìbéèrè kan: níbo ni mo ti ń fi í wé èèyàn? Ẹ̀sùn tí Ọlọ́run fi kan àwọn kan ní Sáàmù 50:21 nìyẹn, pé wọ́n rò pé bíi tiwọn lòun rí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ máa ń bínú lódì á máa retí irú ìbínú bẹ́ẹ̀ lọ́run. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀bùn máa ń rọ ọ̀gá òun lójú á máa fi ọrẹ wá ojúrere. Apá ọ̀tún yìí ló ṣòro jù láti kọ, òun ló sì wúlò jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbàdúrà fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìtọrọ ohunkóhun. Nínú àdúrà tí Jésù kọ́ni, ọ̀wọ̀ orúkọ Baba (Mátíù 6:9) ṣáájú oúnjẹ òòjọ́ (ẹsẹ 11). Bí ẹ̀bẹ̀ bá ń sáré wọ ọkàn yín, ẹ kọ ọ́ sí bébà mìíràn, ẹ ó padà dé orí rẹ̀.

Wàyí o, iṣẹ́ ọwọ́. Léfítíkù 19 ló là á mọ́lẹ̀ jù. Ẹsẹ kejì pàṣẹ pé kí àwọn èèyàn jẹ́ mímọ́ nítorí pé Olúwa Ọlọ́run wọn jẹ́ mímọ́. Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e: ọ̀wọ̀ ìyá àti bàbá, etí oko tí a kì í kórè tán nítorí tálákà àti àlejò, owó alágbàṣe tí kò gbọdọ̀ sùn mọ́ni lọ́wọ́ (ẹsẹ 13), adití tí a kò gbọdọ̀ bú (14), òfófó (16), ìfẹ́ ọmọnìkejì (18), òṣùwọ̀n tí kò yẹ̀ (35 àti 36). Ẹ mú ọ̀kan lójúmọ́. Lọ́jọ́ ẹsẹ 13, ẹ kọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó àti iye tó jẹ́. Bí owó bá wà, ẹ san án kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá sí, ẹ pè é, kí ẹ dá ọjọ́ fún un. Lọ́jọ́ ẹsẹ 14, ẹ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ nípa ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ òṣùwọ̀n, àkókò tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. “Màá gbé ìgbé ayé mímọ́ lónìí” kì í ṣe iṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó lè sọ lálẹ́ bóyá ẹ ṣe é tàbí ẹ ò ṣe é.

Ẹ tún ṣọ́ orúkọ Ọlọ́run lẹ́nu yín fún ọjọ́ kan, pàápàá níbi ìbúra àti níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ fi “Ọlọ́run ló sọ fún mi” pa ẹnu ẹlòmíràn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ti tó (Mátíù 5:37).

Lálẹ́, ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́ta láti wo bí ọjọ́ ṣe lọ. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti ń fi ara yín wé aládùúgbò, tẹ́ ẹ sì ń rí ara yín bí ẹni tó sàn jù, ẹ ka Lúùkù 18:9-14. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń lé yín sá fún àdúrà, ẹ ka Hébérù 4:16 pọ̀ mọ́ 12:28-29. Ẹni tó ní ká fi ìgboyà súnmọ́ ìtẹ́ Ọlọ́run ló tún pe Ọlọ́run ní iná tí ń jóni run. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe yín lára rárá. Ìyẹn kò burú. Ẹ má torí rẹ̀ pààrọ̀ ẹsẹ kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Ní ọjọ́ keje, ẹ má ka ibi tuntun. Ẹ ṣí ìwé yín padà, ẹ yan ìlà kan ní apá òsì, kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdílé tàbí kí ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan. Bí apá ọ̀tún bá ṣófo, ibi kan náà ni kẹ́ ẹ tún lò fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.