Bí A Ṣe Lè Tún Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ṣe Kí Ó Bá Ilẹ̀ Sábẹ̀ Mu

Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ilé tí a ń kó òkúta, egungun, ẹyẹ àti kòkòrò pa mọ́ sí ṣe ní Sábẹ̀, ìlú Yorùbá olókè ní orílẹ̀-èdè Benin, kò gbọdọ̀ fi kíkun àwòrán erin sára ògiri bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ó kọ́kọ́ lọ dúró sí ẹsẹ̀ òkè ní ọ̀sán gangan, kí ó padà lọ lálẹ́, kí ó sì tún lọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, nítorí pé ìṣe òkè ni ilé náà yóò kọ́, kì í ṣe ìrísí rẹ̀ nìkan.

Akọ òkúta òkè wa, tí ó ti wà fún ohun tí ó ju mílíọ̀nù ọdún 500 lọ, a máa gba ooru sára lọ́sàn-án, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru. Ògiri tí ó nípọn, ìbáà jẹ́ ti òkúta tàbí ti amọ̀, ń ṣe bákan náà. Bí ilé tí ẹ ní bá jẹ́ ti bíríkì sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má wó o. Ẹ mọ ògiri kejì sí ìhà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, kí àlàfo wà láàárín méjèèjì, kí ẹ sì kó fèrèsé sí àríwá àti gúúsù lábẹ́ òrùlé tí ó yọ síta dáadáa. (Ní Kétu, erùpẹ̀ ni kí a lò, gẹ́gẹ́ bí Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú náà, ti fi hàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ru òkúta Sábẹ̀ lọ síbẹ̀.)

Omi ni ó gba ìrònú jù lọ. Òjò kì í wọnú àpáta. Ẹsẹ̀ òkè ni ó ń ṣàn lọ, ìdí nìyẹn tí igi ibẹ̀ fi máa ń dí ju ti àárín àpáta lọ. Òrùlé tí ó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 100 yóò gba nǹkan bí lítà omi 1,000 nígbà tí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀. Ẹ darí rẹ̀ sínú ìkùdu tí a bò dáadáa ní àárín àkòdì, bí àwọn àgbà ti ń fi ìkòkò gba omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, kí àṣẹ́kù sì máa bomi rin igi emi, igbá àti osè tí ẹ gbìn. Ṣùgbọ́n gọ́tà kankan kò gbọdọ̀ gba orí yàrá ìpamọ́ kọjá.

Nínú ilé, òkúta àti egungun lè wà nítòsí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ́, awọ àti kòkòrò ní láti wà ní ààrin gbùngbùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti ní ju lux 50 lọ (lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), nítorí pé àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá pa kì í padà bọ̀ sípò. Ní àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ débi pé awọ lè là. Nítorí náà, ẹ ti fèrèsé ìhà àríwá, kí ẹ sì máa fi ẹ̀rọ wo ọ̀rinrin yàrá lójoojúmọ́. Ní ti ikán, ẹ má jẹ́ kí igi kankan fara kan ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìpìlẹ̀ hàn síta, kí a lè tètè rí ojú ọ̀nà alámọ̀ wọn.

Bí àpáta bá wà nínú ọgbà, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n fúnra wọn mọ ìgbà tí ó ń gbóná.