Oṣù mẹ́fà ní Àjàṣẹ́, ọdún méjì ní Pobẹ: bí ẹ ṣe máa fi ìdájọ́ méjì wéra

Ẹ̀yin ará Kétu, ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára. Wọ́n á dá ẹjọ́ ọmọ yín ní Pobẹ, ẹnìkan á ní ọmọ tòun náà jí alùpùpù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), oṣù mẹ́fà péré ló fi jẹ, ni gbogbo ilé á bá gbaná pé ojúsàájú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ lọ́wọ́ gréfíè, akọ̀wé ilé ẹjọ́, ná, kí ẹni Àjàṣẹ́ náà mú tiẹ̀ wá.

Òfin kan náà ni wọ́n ń lò ní ibi méjèèjì, òfin ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ ilẹ̀ Benin, òfin 2018-16 ti 28 oṣù Kejìlá 2018, ṣùgbọ́n ó fún adájọ́ láyè láàárín ìyà tó kéré jù àtèyí tó pọ̀ jù. Torí náà nọ́ńbà ẹsẹ òfin lẹ máa kọ́kọ́ wò, ṣé ọ̀kan náà ni.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi kan ka irú ìdájọ́ méjì bẹ́ẹ̀ rí, a tẹ́ ìwé méjèèjì sórí ẹní, mò ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Ti Àjàṣẹ́, ọ̀sán gangan ni, kọ́kọ́rọ́ wà lára alùpùpù. Tiwa, òru ni, àwọn mẹ́ta ló já ilẹ̀kùn. Nígbà tá a dé ìsàlẹ̀, a rí i pé ọdún méjì náà ni wọ́n dá fún ti Àjàṣẹ́: oṣù mẹ́fà ferme, oṣù méjìdínlógún sursis. Ẹ wá ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí lórí ìwé yín dáadáa, ferme ni èyí téèyàn máa jẹ lẹ́wọ̀n, sursis ni wọ́n so rọ̀ sórí ẹ̀, tó bá tún ṣẹ̀ ó lè já lù ú.

Ẹ tún wò ó bóyá ẹnìkan nínú wọn ti ṣẹ̀wọ̀n rí, bóyá wọ́n dá alùpùpù padà, ta ló ní àfóká, ìyẹn agbẹjọ́rò. Ti àfóká yìí ló ń dùn mí jù, torí ọmọ tiwa dá nìkan dúró, kò mọ̀ pé òun lè sọ̀rọ̀ nípa ọmọ kékeré tó wà nílé.

Tí gbogbo ẹ̀ bá jọra tí ìyà ò sì jọra, ẹ pe àpẹ́ẹ̀lì, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lọ́jọ́ ìdájọ́ gan-an ni kẹ́ ẹ bi gréfíè pé ọjọ́ mélòó ló kù, ẹ má dúró dọjọ́ ọjà. Kútọnù ni àpẹ́ẹ̀lì Pobẹ àti ti Àjàṣẹ́ jọ ń lọ, ẹ lè mú ẹ̀dà ìdájọ́ kejì dání, kò de àwọn adájọ́ ibẹ̀ o, àmọ́ wọ́n á rí i. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ béèrè bóyá pròkúrọ̀, agbẹjọ́rò ìjọba, náà pe àpẹ́ẹ̀lì: tó bá jẹ́ ọmọ yín nìkan ló pè é, wọn ò lè fi kún ìyà ẹ̀, tí pròkúrọ̀ bá pè é, wọ́n lè fi kún un.