Bí Mo Ṣe Fi Pẹ́ńsùlù Ka Ọkọ̀ ní Silverstone

"Ìwọ, àwọ̀ ọkọ̀ lásán lò ń wò." Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Milton Keynes. Ó ti bi mí bí ẹni tó gbégbá orókè nínú eré Formula 1, eré ìje ọkọ̀, tá a wò lọ́jọ́ náà ṣe rí i ṣe, mo wá ń fi ọwọ́ họ orí. Ó dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń wo Formula 1, mo mọ orúkọ gbogbo awakọ̀, ṣùgbọ́n bí eré bá ti dàrú pẹ́nrẹ́n, èmi náà á dàrú mọ́ ọn. Nígbà tá a ra tíkẹ́ẹ̀tì British Grand Prix, eré Formula 1 ti Silverstone, ti ọjọ́ 7 oṣù Keje 2024, mo ní màá kọ eré náà sílẹ̀ fúnra mi, ìyípo 52 gbáko.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà, àwọn èèyàn ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú aago àti ìwé, ìyàwó àwọn awakọ̀ sì wà níbẹ̀ dáadáa. Nina Rindt, ìyàwó Jochen Rindt, wà lára wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò le: ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gba orí ìlà tí wọ́n fi ń ka ìyípo kọjá ni wàá máa kọ nọ́ńbà wọn láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá tún yí dé, o bẹ̀rẹ̀ òpó tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá yà wọlé lọ pààrọ̀ táyà, fi roboto yí nọ́ńbà rẹ̀ ká. Ó tán.

Mo kọ́kọ́ fi eré Austria, èyí tí George Russell gbà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, dánra wò nílé. Mi ò rìn jìnnà. Tẹlifíṣọ̀n kì í dúró lójú kan. Bó o bá ń retí àwọn ọkọ̀ níbi ìlà, wọn á lọ máa fi awakọ̀ méjì tó ń du ọ̀nà mọ́ra wọn lọ́wọ́ hàn ọ́ ní ibòmíì. Ìgbà yẹn ló yé mi pé àfi kéèyàn wà níbẹ̀.

Pápákọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun ni Silverstone tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí kò sóhun tó ń dá atẹ́gùn dúró. Mo ti gbọ́ nípa atẹ́gùn yẹn, nítorí náà mo gbé pákó tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń gé ẹran dání, mo fi rọ́bà de ìwé mọ́ ọn. Àwọn tá a jọ jókòó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gé àlùbọ́sà. Ibi tá a wà kọjú sí ìlà gan-an.

Ogún àyè ni mo fà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Pierre Gasly ti bàjẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó di mọ́kàndínlógún. Òpó kìíní: 63, 44, 1, 4, 81. Russell ló ṣíwájú, Lewis Hamilton tẹ̀ lé e, Max Verstappen ti yọ kọjá lára Lando Norris, Oscar Piastri wà lẹ́yìn wọn. Kìlómítà 5.891 ni ìyípo kan, nǹkan bíi ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ń yí i. Lórí ìwé, ẹ óò ní àkókò wà. Kò wà! Wọ́n ṣì wọ́ jọ bí èèrà nígbà yẹn, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo wọn fi kọjá, ó kù kó o máa fi iyè inú kọ èyí tó ṣẹ́kù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ò ṣeé kà nínú eré tó tó yẹn. Kí lo máa wá wò? Àwọ̀ ni! Àwọ̀ ọkọ̀ lo fi máa mọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ọkọ̀ méjì, tí kámẹ́rà kékeré wà lókè orí awakọ̀: dúdú ni ti ọ̀kan, ti èkejì jẹ́ yẹ́lò tó ń tàn yòò. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ tẹ́ ẹ ní mò ń wò náà mà ni." Kò gbọ́ mi. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́.

Nǹkan bí ìyípo 17 ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta tó-tó-tó. Hamilton kọjá lára Russell, Norris sì kọjá lára àwọn méjèèjì. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sórí 81, bírò mi kọ̀ pé òun ò kọ mọ́. Mo fà á, ó ń họ ìwé lásán. Ọmọdékùnrin kan tó wà lẹ́yìn wa ń ya ọkọ̀ sínú ìwé tirẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ó fún mi ní pẹ́ńsùlù tó ti jẹ ìdí rẹ̀ wómúwómú. Pẹ́ńsùlù kọ lórí ìwé tútù. Ẹni tó bá fẹ́ dán èyí wò, kó má tiẹ̀ gbé bírò dání.

Charles Leclerc sáré lọ wọ táyà òjò nígbà tí òjò ò tíì ṣe tán. Lórí ìwé mi, ńṣe ni nọ́ńbà rẹ̀, 16, ń já wálẹ̀ láti òpó dé òpó bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìgbà tí òjò wá dé lóòótọ́, tí gbogbo wọn ya wọlé láàárín ìyípo 26 sí 28, omi pọ̀ ju ọkà lọ fún mi. Roboto ń gun roboto. Mo fi òpó méjì sílẹ̀ lófìfo, mo ń bá iwájú lọ. Ní ìyípo 33, mo ń retí 63, mi ò rí i. Ọkọ̀ Russell ti kú.

Òpó 38 àti 39 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà ti ń gbẹ. Ní 38, mo fi roboto yí 44 àti 1 ká. Norris ò wọlé, àfi ní 39, ó sì tún dúró kọjá àmì tó yẹ kó dúró sí, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń sún tẹ̀ lé e. Bó ṣe máa jáde, 44 ti lọ. Ìyípo kan ṣoṣo ló wà láàárín roboto méjèèjì. Táyà pupa, èyí tó rọ̀ jù, ni Norris àti Hamilton wọ̀, Verstappen wọ funfun tó le. Ní ìyípo 48, nọ́ńbà 1 gun orí 4.

Ìṣẹ́jú àáyá 1.465 ni Hamilton fi ṣíwájú Verstappen. Kò tíì gba eré kankan látìgbà Saudi Arabia lóṣù Kejìlá 2021, ìgbà kẹsàn-án tó gba eré ní Silverstone sì nìyí. Gbogbo èèyàn fò dìde, èmi náà fò dìde, pákó já bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ló wà nínú òpó 52: 44, 1, 4.

Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò nílé, àṣìṣe pọ̀ lágbègbè 27, àwọn tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ iná. "Kí ni roboto yìí?" Mo ṣàlàyé. Ó tún tọ́ka sí òmíì, mo tún ṣàlàyé. Kò tíì dá a padà fún mi. Ara fíríìjì rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó sì ní kí n lọ ra pákó mìíràn fún òun.